Àdìrẹ Ìtòkú àti ayédèrú rẹ̀: ohun tí aṣọ ń ṣe sí omi, aró àti ìmọ́lẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí yóò rí oríṣi aṣọ méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan ni èyí tí ọwọ́ dì, tí ọwọ́ sì rẹ sínú aró. Ìkejì ni èyí tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára ní ilé iṣẹ́ òkèèrè, pàápàá jù lọ ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí wọ́n ń kó wọlé ní ìgàn-ìgàn, tí owó rẹ̀ sì kéré débi pé àwọn aláró kò lè bá a du oníbàárà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn oníṣẹ́ àdìrẹ ti ń ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń ra aṣọ náà sì ń béèrè bí wọ́n ṣe máa dá ojúlówó mọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń rí gbà ni pé kí wọ́n wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú gan-an ni wọ́n ṣe àwòrán orí ẹ̀rọ náà fún. Inú fọ́nrán aṣọ ni ìyàtọ̀ tòótọ́ wà, níbi tí omi, aró àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tàbí tí wọ́n ti ń padà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Orúkọ aṣọ yìí fúnra rẹ̀ ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. A dì í, a sì rẹ ẹ́. Dídì ni a fi ń dí aró lọ́nà kí ó má bàa wọ ibi tí a kò fẹ́, rírẹ sì ni a fi ń jẹ́ kí ó wọ ibi tí a fẹ́. Yálà a fi ikó dì í, èyí tí à ń pè ní àdìrẹ oníko, tàbí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀, èyí tí í ṣe alábẹ́rẹ́, tàbí a fi láfún sísè ya àwòrán sí i lára, èyí tí í ṣe ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń yan ibi tí aṣọ yóò ti mu aró àti ibi tí kò ní mu ún. Aṣọ tí kò bá lè mu aró rárá kò lè di àdìrẹ, bó ti wù kí àwòrán ara rẹ̀ dára tó.

Láìpẹ́ yìí, mo tẹ́ aṣọ méjì sórí tábìlì nílé. Àkọ́kọ́ jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí màmá mi ti ń lò láti ọ̀pọ̀ ọdún, tí fífọ̀ léraléra ti sọ di jọ̀wọ̀lọ̀. Ìkejì jẹ́ aṣọ ẹbí tí wọ́n tà fún wa ní orúkọ àdìrẹ fún ìnáwó kan, àwòrán rẹ̀ sì jọ ti àkọ́kọ́ débi pé ẹni tó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo ti ìka bọ inú ife omi, mo sì kán ẹ̀kán kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí àdìrẹ màmá mi, ẹ̀kán omi náà kò tilẹ̀ dúró kí n gbé ìka kúrò. Ó wọlé, ó sì fi àmì roboto kan sílẹ̀ tó dúdú ju ara aṣọ yòókù lọ, àmì náà sì ń gbòòrò sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ń fà á láti abẹ́. Lórí aṣọ kejì, omi náà ká jọ bí ìrì orí ewé kókò. Nígbà tí mo gbé etí aṣọ náà sókè, ó yọ̀ bọ́ sórí tábìlì, ibi tó kúrò sì gbẹ bíi pé omi kò débẹ̀ rí.

Ohun tó fa èyí kò ṣòro láti lóye. Àwọn mólékù omi fẹ́ràn láti di ara wọn mú, ìdí sì nìyẹn tí omi fi máa ń ká jọ bí kò bá rí ohun mìíràn tí yóò dì mọ́. Òwú jẹ́ sẹ́lúlósì, ohun kan náà tó wà nínú igi àti ìwé, ẹ̀wọ̀n gígùn sì ni mólékù rẹ̀, èyí tí ọ́síjìn àti háídírójìn so mọ́ káàkiri ara rẹ̀ lọ́nà tí omi fi lè dì mọ́ ọn bó ṣe ń di ara rẹ̀ mú. Bí omi bá kan òwú, ó rí ibi dì mú, ó sì tẹ́. Pọlisítà, ohun tí wọ́n fi hun aṣọ kejì yẹn, jẹ́ ọmọ ìyá ike ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ike omi tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n yọ́, tí wọ́n fà di òwú tín-ín-rín, tí wọ́n fi hun ọ̀pọ̀ jù lọ nínú aṣọ tí à ń pè ní pọlisítà. Kò sí ohun púpọ̀ lára rẹ̀ tí omi lè dì mọ́, kò sì yani lẹ́nu pé ohun tí a fi ń gbé omi pamọ́ kò ní mu omi.

Ìdí kejì ni àlàfo. Fọ́nrán òwú kì í ṣe igi gbọrangandan. Ihò wà ní àárín rẹ̀, àlàfo tóóró sì wà láàárín fọ́nrán kan àti èkejì. Gbogbo ẹni tó ti tan fìtílà epo rí mọ bí epo ṣe ń gun òwú láti ìsàlẹ̀ títí dé orí iná láìsí ẹni tó ń tì í. Bí omi náà ṣe ń rìn nínú aṣọ nìyẹn. Bí àlàfo bá ṣe tóóró tó ni omi ṣe ń gòkè jìnnà tó: nínú ọ̀pá gíláàsì tí ìbú ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1, omi á gòkè tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, bí ìbú ihò náà bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá mìlímítà, á gòkè tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Àlàfo inú òwú aṣọ sì tóóró ju ìyẹn lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tọ́ bíi ti gíláàsì. Èyí ló fà á tí a fi lè ti etí ìró kan ṣoṣo bọ omi kí a sì bá òkè rẹ̀ ní tútù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Kódà nígbà tí a kò bá rin ín sómi, òwú ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí a bá gbé 100 gíráàmù òwú gbígbẹ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rinrin díẹ̀, yóò gba omi tó nǹkan bíi gíráàmù 7 tàbí 8 mọ́ra, síbẹ̀ ọwọ́ tó bá fọwọ́ kàn án yóò ní ó gbẹ. Pọlisítà tó wúwo bákan náà kò ní gba ìdajì gíráàmù kan.

Ìtumọ̀ èyí lára ènìyàn ni mo mọ̀ ní ọjọ́ ìnáwó tí mo ń sọ. Ọ̀sán gangan ni, abẹ́ àtíbàbà la jókòó sí, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Kò pẹ́ tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní ẹ̀yìn mi láti èjìká dé ìdí, aṣọ náà kò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kàn lẹ̀ mọ́ mi lára bí ọ̀rá. Iṣẹ́ òógùn ni láti di oru. Gíráàmù omi kan tó bá gbẹ lára wa ń gbé ooru tó tó 2,400 joule lọ, ìyẹn sì ni ọ̀nà tó lágbára jù tí ara fi ń tu ara rẹ̀. Òwú á fa òógùn náà, á tẹ́ ẹ sórí ààyè tó gbòòrò, afẹ́fẹ́ á sì rí i gbé lọ. Aṣọ tí kò mu omi á jẹ́ kí ó máa ṣàn dànù láì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe gbogbo pọlisítà ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe aṣọ eré ìdárayá máa ń fún fọ́nrán pọlisítà ní ìlà-ìlà tí òógùn lè gbà rìn, kí àlàfo lè ṣe iṣẹ́ tí ara fọ́nrán kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n aṣọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tẹ àwòrán àdìrẹ sí kì í sábà rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní aṣọ funfun ní ń sunkún aró. Bí a bá ti mọ bí òwú ṣe ń fa omi, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ṣì wà láti ṣe kí aró tó lè jẹ́ ẹkún náà. Lákọ̀ọ́kọ́, òwú tó ti oko dé ní ìda lára tó ń lé omi, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ sì máa ń fi sítáàṣì sára tẹ́rù àti gínì kí wọ́n lè dúró ṣánṣán ní ìsọ̀. Ìdí nìyẹn tí aláró fi ń kọ́kọ́ fọ aṣọ tuntun dáadáa. Bí kò bá fọ̀ ọ́, aró yóò mú níbì kan, yóò sì fo ibòmíràn, àbàwọ́n náà kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ aró fúnra rẹ̀, ibí sì ni ọgbọ́n àwọn ìyá wa ti yà mí lẹ́nu jù. Àwọ̀ búlúù inú ewé èlú, tí aráyé ń pè ní indigo, kì í yòrò nínú omi. Bí a bá pò ó mọ́ omi lásán, yóò rì sí ìsàlẹ̀ bí ìyẹ̀fun, aṣọ tí a bá tì bọ̀ ọ́ yóò sì jáde ní funfun. Kí aṣọ tó lè mu ún, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àwọn aláró á gún ewé èlú, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sẹ́ eérú igi nínú ìkòkò onihò láti rí omi eérú tó mú, wọ́n á rẹ ìṣù èlú sínú rẹ̀ nínú ìkòkò aró, wọ́n á bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú kò lè rí á máa jẹun nínú ìkòkò náà, wọ́n á sì gba ọ́síjìn inú rẹ̀ tán. Nínú omi eérú tí kò ní ọ́síjìn yìí, aró á pàdánù àwọ̀ búlúù rẹ̀, á di olómi ewé tó pọ́n díẹ̀, á sì yòrò. Ìyá tó mọ iṣẹ́ á mọ̀ nípa òórùn, àwọ̀ omi àti ìfófòó ojú rẹ̀ pé ìkòkò ti tó. Kò sí kẹ́místrì kankan ní ilé ìwé tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wọn a sì ké pe Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, kí ìkòkò má bàa bàjẹ́.

Ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ jáde ni kí ènìyàn sún mọ́ ọn wò. Kò ní jẹ́ búlúù. Àwọ̀ ewé ọ̀dọ́ tó fẹ́ pọ́n ni yóò ní, tí omi rẹ̀ ń kán tótó. Kí ẹni tó gbé e tó ká a kọ́ okùn tán, etí rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, búlúù náà á máa tàn kálẹ̀ láti etí wọ àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣú. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń dá aró padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́ tí kì í yòrò. Àmọ́ inú fọ́nrán ló wà báyìí, omi tó gbé e wọlé kò sì lè gbé e jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, tí wọ́n tún ń rẹ ẹ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ń fi ìpele aró kan lé ti tẹ́lẹ̀. Nítorí pé aró yìí kò so mọ́ òwú pinpin, tó jẹ́ pé ó há sínú rẹ̀ ni, àdìrẹ tuntun máa ń ran ọwọ́ àti ọrùn ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ka èyí sí àléébù, ó sì jẹ́ àléébù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àléébù ohun tí aró wọ̀ ni.

Láfún ní ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń ṣe òdì kejì iṣẹ́ yìí. Wọ́n á sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán, tàbí kí wọ́n gbé páànù tí wọ́n ti gé àwòrán sí lára lé aṣọ, kí wọ́n sì tẹ láfún náà kọjá. Ẹ̀kọ náà á wọ inú àwọn àlàfo tóóró tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, á gbẹ síbẹ̀, á sì dí ọ̀nà mọ́ aró. Ṣùgbọ́n láfún náà fẹ́ràn omi, bí a ti rí i lára gàrí tí a bá rẹ, nítorí náà aṣọ kò gbọ̀dọ̀ pẹ́ jù nínú ìkòkò kí ìdènà náà má bàa yọ́. Aró díẹ̀ á rí ọ̀nà yọ́ wọlé, ìdí nìyẹn tí àwòrán ẹlẹ́kọ kì í fi í funfun gbòò. Ó máa ń ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ayinrin. Níbi tí ẹ̀kọ gbígbẹ bá ti sán, aró á gba ibẹ̀ kọjá, á sì fi ìlà wínníwínní sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó yà á.

Nípa ti aró òyìnbó, ìyẹn indigo tí ilé iṣẹ́ ṣe, mo fẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan: ṣé ayédèrú ni aṣọ tí wọ́n fi rẹ? Ní 1883 ni Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́místrì ará Jámánì, ṣàlàyé bí mólékù indigo ṣe rí. Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ kẹ́míkà BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n ṣe láìlo ewé. Ní 1905 ni Baeyer gba ẹ̀bùn Nobel. Mólékù inú ìyẹ̀fun òyìnbó àti ti inú èlú jẹ́ ọ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ kò sì ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ aláró lónìí ń fi kọ́sítíìkì sódà rọ́pò omi eérú, wọ́n sì ń fi kẹ́míkà tí à ń pè ní hydrosulphite gba ọ́síjìn kúrò nínú omi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ dípò ọjọ́ mélòó kan. Èmi kò ka aṣọ wọn sí ayédèrú, nítorí wọ́n dì í, wọ́n sì rẹ ẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni omi tó ń ṣẹ́kù. Kọ́sítíìkì ń bó ọwọ́, àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán ṣe iṣẹ́ náà sì pọ̀. Bí omi aró bá ṣàn wọ odò, àwọ̀ rẹ̀ á gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ ewéko tó wà lábẹ́ omi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewéko kò lè ṣe oúnjẹ láìsí ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí ló yẹ kí a wá kàn báyìí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa ń rí jẹ́ àpapọ̀ ìgbì tí gígùn wọn wà láàárín nǹkan bíi nánómítà 400 sí 700, nánómítà kan sì jẹ́ mìlímítà kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Àwọn tó kúrú jẹ́ elésè àlùkò àti búlúù, àwọn tó gùn jẹ́ olómi ọsàn àti pupa. Mólékù aró ń gbé èyí tó wà ní nǹkan bíi 600 sí 700 mì, ìyẹn olómi ọsàn àti pupa, ó sì ń sọ agbára wọn di ooru. Èyí tó ṣẹ́kù tó padà sí ojú wa ni à ń pè ní búlúù. A lè sọ pé aró kò fún aṣọ ní búlúù rárá. Ó kàn gba pupa àti olómi ọsàn lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ ni.

Kí aṣọ tó mu aró, ohun tó ń mú kí ó funfun ni pé ó ń tú gbogbo àwọ̀ ká bákan náà. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ẹ wo iyọ̀: hóró kan ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, òkìtì rẹ̀ sì funfun, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń yà kúrò lọ́nà nígbàkigbà tó bá ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú iyọ̀ tàbí tó bá ti inú iyọ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́, títí tó fi padà síta. Ìfófòó ọṣẹ náà ń funfun bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ọṣẹ kò funfun.

Níbí ni omi àti ìmọ́lẹ̀ ti pàdé. Àmì tí ẹ̀kán omi fi sórí àdìrẹ màmá mi dúdú ju ibi gbígbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni omi kò ní àwọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi gba ipò afẹ́fẹ́ nínú àlàfo òwú. Omi sún mọ́ òwú ju afẹ́fẹ́ lọ ní ọ̀nà tó ń gbà darí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kò yà kúrò lọ́nà púpọ̀ mọ́ bó ṣe ń ti ìkan bọ́ sínú èkejì. Kàkà kí ó tètè padà síta, ó ń wọlé jìnnà sí i, ó ń pàdé mólékù aró púpọ̀ sí i lọ́nà, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì padà mọ́. Bí ilẹ̀ tí òjò pa ṣe ń ṣú nìyẹn, bí ẹ̀yìn aṣọ ẹni tó ń làágùn ṣe ń ṣú náà nìyẹn. Lórí aṣọ kejì, níbi tí omi kò wọlé, kò sí àmì kankan. Aláró tó dáńtọ́ kì í fi àwọ̀ aṣọ tútù dá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ń dúró kí ó gbẹ.

Bí wọ́n bá rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, yóò ní àwọ̀ ayinrin. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ títí, mólékù aró á pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, kódà èyí tó jẹ́ búlúù náà á dín kù gan-an, aṣọ á sì ṣú bíi ti ẹtù. Àwọn kan máa ń sọ pé èdè wa kò ní orúkọ fún búlúù, pé àwọn bàbá wa ń pè é ní dúdú. Ẹni tó bá ti wo aṣọ tí wọ́n rẹ léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́ kò ní bá wọn jiyàn lórí orúkọ náà, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń padà láti ara rẹ̀ kéré jọjọ. Nítorí èyí, ẹ má ṣe ra àdìrẹ lábẹ́ gílóòbù tó ń tàn ní àwọ̀ yẹ́lò. Ìmọ́lẹ̀ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ní búlúù díẹ̀ nínú, aṣọ kò sì lè dá ohun tí kò gbà padà. Ẹ gbé e jáde sí ojú sánmà.

Agbára ìmọ́lẹ̀ tí aṣọ gbé mì kì í sọnù. Ní ọ̀sán, nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, oòrùn ń gbé tó nǹkan bíi 1,000 wáàtì wá sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, aṣọ tó ṣú á sì gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ di ooru. Àmọ́ indigo ní ìwà kan tó ṣàǹfààní: ìtànṣán tó gùn kọjá pupa, èyí tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tó ń gbé nǹkan bí ìdajì agbára oòrùn wá, kì í sábà dá a dúró. Àwọn tó ń tọ́jú aṣọ àti àwòrán àtijọ́ ń fi kámẹ́rà tó ń rí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ dá indigo mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn búlúù mìíràn. Oòrùn ṣì lè ba aró jẹ́, nítorí apá rẹ̀ tó kúrú jù ní agbára láti já mólékù, nítorí náà ibi òjìji ni kí a ti sá àdìrẹ, kí a sì yí inú rẹ̀ síta.

Báwo ni àwòrán ṣe wá ń dé ara aṣọ kejì tí kò mu omi? Ooru ni wọ́n ń lò. Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á tẹ àwòrán sórí ìwé pẹ̀lú oríṣi aró mìíràn, wọ́n á lẹ ìwé náà mọ́ pọlisítà, wọ́n á sì fi irin tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 200 ní Celsius tẹ̀ ẹ́. Aró á di oru, pọlisítà tí ooru ti dẹ̀ á sì gbà á. Kò sí ìkòkò níbẹ̀, kò sí omi, kò sí ohun tí a rẹ. Bí a bá gbé pọlisítà funfun kan náà fún ìyá aláró pé kí ó rẹ ẹ́ sínú èlú, yóò jáde pẹ̀lú àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọṣẹ lè fọ̀ dànù. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ó wà lẹ́nu gbogbo wa nìyí nígbà tí a bá ń jiyàn lórí aṣọ yìí: kì í ṣe pé ó jẹ́ àdìrẹ tí kò dára tó, kò sí ọ̀nà tó fi lè jẹ́ àdìrẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ ní ọjà lè yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Bí ẹ̀yìn bá funfun tàbí tó ṣá bí ìwé ìròyìn tí yíǹkì yọ kọjá lára rẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Nínú oníko àti alábẹ́rẹ́, ojú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Nínú ẹlẹ́kọ, àwòrán lè má hàn dáadáa lẹ́yìn nítorí pé ojú kan ni wọ́n ya láfún sí, ṣùgbọ́n búlúù rẹ̀ á wà níbẹ̀ ní kíkún. Kí ó wo etí àwòrán: níbi tí aró ti bá àlàfo òwú rìn, etí á rọ̀, á ṣe wúruwùru díẹ̀, ti ẹ̀rọ á gé gẹ́lẹ́. Kí ó wá àwòrán kan náà ní ibi méjì lórí aṣọ kan, kí ó fi wọ́n wéra. Ọwọ́ kò lè ṣe àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìyàtọ̀. Ìdánwò ẹ̀kán omi dára, àmọ́ ó ní ibi tó lè tàn wá: òwú tuntun tí sítáàṣì ṣì wà lára rẹ̀ lè lé omi, àwọn kan sì wà tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán sí lórí òwú gidi, irú èyí tí yóò mu omi bí ojúlówó. Bí ó bá jẹ́ ti aṣọ tí a ti rà délé, kí a fa fọ́nrán òwú kan yọ ní etí rẹ̀, kí a fi irin mú un, kí a ṣáná sí i lórí àwo. Òwú á jó bí ìwé, á di eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Pọlisítà á yọ́, á ká, á sì di hóró líle bí ìlẹ̀kẹ̀.

Èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òfin lé aṣọ ẹ̀rọ kúrò ní ọjà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra àdìrẹ gidi ní ẹ̀tọ́ láti wọ ohun tó wù ú, ẹni tó sì ń tà á ní ẹ̀tọ́ láti jẹun. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ ohun tó jẹ́ sí etí rẹ̀: òwú ni tàbí pọlisítà, a rẹ ẹ́ ni tàbí a tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ẹgbẹ́ ọlọ́jà sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn láìdúró de ìjọba. Ní báyìí, orúkọ kan ni wọ́n jọ ń jẹ́, orúkọ náà sì ni olùtajà fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó rò pé òun ń ra ọ̀sẹ̀ méjì nínú ayé obìnrin kan tó ń dì, tó ń rẹ, tó ń fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, tó tún ń rẹ ẹ́.

Kí n tó parí àlàyé yìí, mo padà síbi tábìlì. Àmì tó wà lórí àdìrẹ màmá mi ti gbẹ láìfi ipa kankan sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Ẹ̀kán omi kejì ṣì wà lórí pákó tábìlì níbi tó yọ̀ bọ́ sí.